Ọdún Tí A Fi Òrí Yẹ Ilé Wò

Pàánù ilé tuntun náà kì í dákẹ́. Bí oòrùn bá ti gòkè díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kó, kó, kó, bí ẹni tó ń ṣẹ́ igi ìdáná. Bó bá sì di ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àwa ọmọdé a máa sọ pé ilé ń nara. Ilé àtijọ́ tó wà níwájú rẹ̀ kì í dún rárá. Ohun tí à ń gbọ́ níbẹ̀ ni odó ìyá mi lẹ́yìnkùlé, ewúrẹ́ tó ń fi ara ha ògiri, agogo ṣọ́ọ̀ṣì, àti ohùn Ìyá Àgbà tó ń pe ẹni tó bá wà nítòsí kó wá bá òun ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo ti dàgbà báyìí ju ìyá mi ìgbà náà lọ, mo ti gbé oríṣiríṣi ilé ní Ìlọrin àti ní Èkó, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ tí pàánù ń dún lọ́sàn-án, inú mi á kọ́kọ́ bàjẹ́ kí n tó rántí ohun tó fà á.

Bàbá Èkó ni a ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó kọ́ ilé náà. Àjàní ni Ìyá Àgbà ń pè é. Ó ti pẹ́ tó ti lọ sí Èkó, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó símẹ́ǹtì wọlé láti òkè òkun, owó epo rọ̀bì sì ti dé ọ̀dọ̀ irú wọn. Lákòókò náà, kò sí ọmọ Òmù-Àrán kan tó wà lẹ́yìn odi tí kì í kọ́lé sílé. Bí o bá rìn láti ọjà dé ilé ìjọ, òkìtì yanrìn àti búlọ́ọ̀kù lo máa yà fún lọ́tùn-ún àti lósì. Bàbá mi, tí Ìyá Àgbà ń pè ní Àlàó, jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé ìjọ, ó sì ń dáko iṣu àti ẹ̀gẹ́ lọ́nà Èsìẹ́. Àwọn méjèèjì nìkan ni ọmọ Ìyá Àgbà tó kù láyé. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí bàbá mi ṣì ń mu ọmú, iṣẹ́ òrí ṣíṣe ló sì fi tọ́ wọn. Àwọn ará ilé kan wà nígbà náà tí wọ́n máa ń pe àwọn ọmọ náà ní ọmọ opó olóòrí, wọ́n á sì máa di imú nítorí òórùn òrí bí wọ́n bá ń kọjá. Bàbá Èkó kò gbàgbé èyí. Nígbà tó kọ́lé, ó ní kí bíríkìlà fi símẹ́ǹtì ya orúkọ ìyá òun gàdàgbà sára ògiri iwájú.

Ilé àtijọ́, amọ̀ ni. Ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi lè jókòó sójú fèrèsé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má yọ síta. Lókè yàrá kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti to igi mọ́ igi, wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ lókè rẹ́ ẹ nísàlẹ̀, àjà nìyẹn. Òkè àjà ni pàánù tó ti dípẹtà wà. Oòrùn á bá pàánù jà, á bá àjà jà, ìgbà tó bá fi máa kan ẹni tó wà nísàlẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Inú yàrá yìí ni Ìyá Àgbà ń kó ìkòkò òrí rẹ̀ sí. Lóṣù tí ooru máa ń mú jù, tí ilẹ̀ àgbàlá ń ta wá lẹ́sẹ̀, bí o bá ki ìka bọ ìkòkò yẹn, òrí le gbagidi. Ìyá Àgbà á ní, "Òrí kì í purọ́. Bí ooru bá ti mú un, á yọ́. Bí kò bá mú un, kò ní tìtorí rẹ yọ́." Ẹnikẹ́ni tó bá ń ráhùn pé ooru mú òun, ohun tó máa ń bi onítọ̀hún ni pé, "Òrí yọ́ bí?"

Ilé tuntun náà dára, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Búlọ́ọ̀kù ni, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, fèrèsé onígíláàsì tó ń ṣí tó ń pa wà níwájú rẹ̀, pàánù rẹ̀ sì ń kọ mànà débi pé àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́-Ìpo sọ pé àwọn ń rí i lókèèrè. Síìlìǹ nìkan ló kù. Bí o bá dùbúlẹ̀ nínú yàrá, pàánù náà lò ń wò lójúkojú. Bàbá Èkó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣèyọnu, síìlìǹ ń bọ̀, òun ti bá àwọn tó máa ṣe é sọ̀rọ̀. Àsìkò ọyẹ́ ni wọ́n gbé Ìyá Àgbà wọlé, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé lásìkò ọyẹ́ kò sí ilé tí kò dára. Obìnrin náà bora dé ọrùn, ó ń gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní tiwa, a ti ya orúkọ sára ògiri tán kí ẹnì kankan tó wo ilé.

Nígbà tí ọyẹ́ ká kúrò, ooru dé. Àárẹ̀ kan ti wà lára Ìyá Àgbà tẹ́lẹ̀: èémí rẹ̀ kì í délẹ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ń wú. Nọ́ọ̀sì tó ń wò ó sọ fún bàbá mi pé ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀, pé kí wọ́n má jẹ́ kí ooru máa mú un, kó má baà ṣe é ní jàǹbá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún un bí mo bá ti ilé-ìwé dé. Mo máa ń bá a lórí àga rẹ̀, ìró nìkan ló wà lára rẹ̀, òógùn á sì ti jẹ́ kí ìró náà lẹ̀ mọ́ ọn. Kò ní jẹ oúnjẹ ọ̀sán mọ́. Iyán tó fẹ́ràn, bí ìyá mi bá gbé e wá, á kàn wò ó ni. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò bá yà wọlé, tó ní, "Ìyá, ẹ kú ìgbádùn ilé tuntun o," ṣe ni Ìyá Àgbà máa nà tàntàn lórí àga, á ní, "A dúpẹ́ o, Àjàní ṣe é. Ẹ wo atẹ́gùn." Atẹ́gùn wo? Abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ mi ni.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde kù díẹ̀, Bàbá Èkó wakọ̀ dé láti wá múra ìṣílé. Ó fẹ́ kí wọ́n wó ilé àtijọ́ kí àlejò tó dé, nítorí pé ilé náà dúró síwájú, ó sì dí ilé tuntun mọ́ ojú títì. Ó ti bá àwọn lébìrà sọ ọ́. Orí oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n wà, ẹ̀kọ àti àkàrà, nígbà tí bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé mì láti ìgbà pípẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yẹ ilé wò ná, kí a tó wó èyí."

Bàbá Èkó rẹ́rìn-ín. "Ká yẹ ilé wò? Ṣé ilé náà ń ṣàìsàn ni?"

"Ìyá wa ló ń ṣàìsàn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ilé náà gbóná jù fún wọn."

"Ta ló sọ pé ó gbóná? Yèyé, ṣé ilé gbóná ni?"

"Háà, rárá o," ni Ìyá Àgbà wí láti orí àga rẹ̀.

Bàbá mi kò jiyàn. Ó kàn dìde. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá ti dìde báyẹn, ó di dandan kí ènìyàn tẹ̀ lé e. Ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí ilé ká. Ó ní kó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri búlọ́ọ̀kù tí oòrùn ń pa, kó sì lọ fi kan ti ilé amọ̀. Ó fi hàn án pé gbogbo fèrèsé ńlá ló kọjú sí títì, ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé, àti pé èyí tó wà lẹ́yìn kò ju fèrèsé kékeré kan lọ, wọ́n sì ti kàn án pa nítorí olè. Ó tanná ran imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ, ó fẹ́ iná rẹ̀ pa, ó sì mú èéfín rẹ̀ dúró láàárín yàrá. Nínú ilé àtijọ́, èéfín náà gba fèrèsé ẹ̀yìn jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Nínú ilé tuntun, ó gòkè lọ bá pàánù, ó ń rà bàbà níbẹ̀, kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Ìyá Àgbà wúkọ́, wọ́n sì yára gbé imọ̀ náà síta.

"Àlàó, ooru wà níbi gbogbo," ni Bàbá Èkó wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Èkó gan-an ń gbóná."

"Ẹ jẹ́ ká fi òrí wò ó nígbà náà. Ká gbé òrí sínú yàrá wọn níbí, ká gbé òmíràn sínú yàrá wọn lọ́hùn-ún. Bí ti ilé tuntun bá dúró títí di ìrọ̀lẹ́, n ò ní bá yín sọ ọ́ mọ́. Bó bá yọ́, kí ilé àtijọ́ dúró kí wọ́n sì padà síbẹ̀ títí síìlìǹ yóò fi dé."

"Mo gbà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Bàbá mi bu òrí láti inú ìkòkò Ìyá Àgbà, ó fi sínú àpáàdì méjì, ó gbé ọ̀kan sílẹ̀ nínú yàrá amọ̀, ó gbé èkejì sílẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn inú ilé tuntun. Ìyá Àgbà ń wò ó. Lẹ́yìn èyí oníkálukú bá tirẹ̀ lọ. Èmi àti bàbá mi lọ wa iṣu lóko, ìyá mi gba odò lọ fọṣọ, Bàbá Èkó wakọ̀ lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Èsìẹ́. Ìyá Àgbà nìkan ló kù sílé pẹ̀lú àpáàdì.

Oòrùn ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Nígbà tí a dé, àwọn adìyẹ ti ya ẹnu sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá mi kọ́kọ́ wọ ilé àtijọ́: òrí wà bó ṣe wà, eṣinṣin kan ló kàn bà lé e. Ó wá wọ ilé tuntun, mo tẹ̀ lé e. Òrí tó wà níbẹ̀ náà dúró. Ó funfun, ó le, ó tilẹ̀ ga ju bí a ṣe gbé e sílẹ̀ lọ. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo ara àpáàdì náà ti mu epo, òmíràn sì ti ṣàn bọ́ sórí símẹ́ǹtì, ó ń dán yípo. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n fi òrí tútù rọ́pò èyí tó yọ́. Ìyá Àgbà jókòó sórí àga rẹ̀, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń dán bákan náà. Láti àga yẹn dé ìdí ìkòkò nínú ilé àtijọ́, ọ̀nà jíjìn ni fún ẹni tó ń mí báyẹn. Ó ti lọ, ó ti bọ̀.

Bàbá Èkó ti dé ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn wa. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó yọ́ àbí kò yọ́?" ó béèrè.

Bàbá mi wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo òun náà. Mo ti rí ènìyàn tó ń bẹ̀bẹ̀ rí, mo ti rí èyí tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n n ò tíì rí ẹ̀bẹ̀ tó ju ti ojú Ìyá Àgbà lọ́jọ́ yẹn.

"Kò yọ́," ni bàbá mi wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún Ìyá Àgbà nígbà tí bàbá mi wọlé wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Wọn kò lé mi síta. Ọmọ tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, ta ló kà á sí ènìyàn?

"Yèyé, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Yèyé."

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé e lórí. "Àlàó, o ò mọ bí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n ń di imú fún wa. Ìwọ kéré. Ó máa ń bá mi ru agbè omi, ó máa ń sọ pé, 'Yèyé, màá kọ́lé tí wọ́n máa wò títí.' Ó ti kọ́ ọ báyìí, ó fi orúkọ mi síbẹ̀. Ṣé èmi ni kí n wá là á mọ́lẹ̀ pé kò ṣé é gbé? Bí ìyá bá bu iṣẹ́ ọmọ, ta ni yóò yìn ín?"

"Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì sọ pé ooru ò gbọdọ̀..."

"Nọ́ọ̀sì ò bí i."



"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ni Ìyá Àgbà tún wí. "Ti ọmọ ẹni ńkọ́? Síìlìǹ ń bọ̀, ó ti sọ bẹ́ẹ̀. Má sọ fún un, Àlàó. Mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́."

Bí ìyá bá ti fi ọmú bẹ ọmọ nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ti tán. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà, inú ń bí mi sí i nígbà mìíràn. A mọ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún ara wa, a mọ̀ ọ́n jù. A mọ bí a ti ń fi ẹ̀rín gba oúnjẹ tí kò níyọ̀ lọ́wọ́ onílé. Kò sí ẹni tó kọ́ wa bí a ṣe ń sọ fún ẹni tó fẹ́ràn wa pé ohun tó fún wa ń pa wá lára.

Wọ́n wó ilé àtijọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ògiri náà kò fẹ́ lọ. Àwọn lébìrà ṣépè fún ẹni tó mọ ọ́n. Nígbà tí àjà já wálẹ̀, eruku bo gbogbo àgbàlá, ìyá mi sáré kó aṣọ tó sá. Ìyá Àgbà ń wò ó láti inú fèrèsé onígíláàsì, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé ìkòkò òrí rẹ̀ wá sínú yàrá tuntun, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti di epo lásán, tí à ń fi ìgò rọ. Ìṣílé dùn. Olúṣọ́àgùntàn gbàdúrà, àwọn ará ilé tó ti Jọ́ọ̀sì àti Èkó wá jókòó kún pálọ̀, wọ́n ń nu òógùn, wọ́n ń yìn. Àwọn tó di imú nígbà kan wá pẹ̀lú, àwọn ni ohùn wọn ròkè jù. N ò rí ẹyọ ẹnì kan tó sọ pé, "Ilé yìí mà gbóná o." Bàbá Èkó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ó ń bi wọ́n pé, "Ṣé ara yín balẹ̀? Ṣé ẹ rọra jókòó?" Gbogbo wọn ní ara àwọn balẹ̀.

Síìlìǹ kò dé. Òjò rọ̀, ilé tutù díẹ̀, a gbàgbé. Lẹ́yìn ìkórè ni a gbọ́ pé nǹkan ti yí padà ní Èkó, pé símẹ́ǹtì kò wọlé bíi ti àtijọ́, pé ilé-iṣẹ́ Bàbá Èkó ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ jókòó sílé ná. Ó ta ọkọ̀ rẹ̀. Kò wálé fún Kérésì. Nígbà tí ọyẹ́ tún ká kúrò, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ ìjà tirẹ̀ pẹ̀lú oòrùn. Ó gun òkè ilé lọ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo pàánù, ìjì sì gbé e sọnù. A ń gbé Ìyá Àgbà lọ sábẹ́ igi máńgòrò lójúmọ́, ṣùgbọ́n bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí a gbé e wọlé, ògiri á máa tu ooru tó ti mu láti àárọ̀ sí i lára. A ń rẹ aṣọ sínú omi fi bò ó, aṣọ á gbẹ lórí rẹ̀. Bàbá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀ níbi tí ilé àtijọ́ wà, ó fẹ́ mọ yàrá kan ṣoṣo, tó ní àjà. Bó bá ti ilé-ìwé dé, á ká ṣòkòtò, á wọ inú amọ̀, èmi àti ìyá mi á máa pọn omi fún un. Ìyá Àgbà ń wò ó láti abẹ́ máńgòrò. "Yóò dára," ó máa ń wí. Ògiri náà ti dé àyà bàbá mi nígbà tí Ìyá Àgbà kú. Ọ̀sán ni. Òjò ńlá ṣú lọ́jọ́ náà, ni a ṣe sáré gbé e wọlé; òjò kò rọ̀, ooru tó tẹ̀ lé e nínú yàrá yẹn ló pa á. Ìyá mi ni aṣọ tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Èkó wọ ọkọ̀ èrò dé. Ó ti rù, agbádá rẹ̀ tóbi jù ú lọ. A sin Ìyá Àgbà sí àgbàlá ìjọ. Bàbá mi dúró gbọnyin, ó bá wọn kọrin, ó bójú tó àlejò, omi kò bọ́ lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí èrò ti túká, mo ń gbá yàrá Ìyá Àgbà, àwọn méjèèjì sì wọlé láti wá kó ẹrù rẹ̀ jọ. Bàbá Èkó wo òkè, ó wo pàánù fún ìgbà pípẹ́.

"Mo sùn nínú yàrá yìí lọ́jọ́ ìṣílé," ó ní. "Ìyẹn ni pé mo dùbúlẹ̀ sí i. N ò sùn. Mo mọ̀ pé kò ṣé é gbé, Àlàó. Mo tilẹ̀ rí epo tó ṣàn sílẹ̀ lọ́jọ́ òrí yẹn. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí i."

Bàbá mi di aṣọ Ìyá Àgbà kan mú sọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Kí n sọ ọ́ fún ta ni? Gbogbo ayé ń yìn mí, Yèyé gan-an ń yìn mí. Ẹnu mi ò gbà á. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń dúró dè kó sọ ọ́ fún mi. Ká ní o sọ ọ́ ni, màá ti lé àwọn lébìrà yẹn lọ lójú ẹsẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò le, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Mo ní bí gbogbo wọn bá ń tàn mí, Àlàó ò ní tàn mí. Mo bi ọ́. O ní kò yọ́."

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ lórí símẹ́ǹtì náà, ó sì bú sẹ́kún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jókòó tì í.